Bí Ẹni Tí Kì í Jẹ Ẹran Ṣe Lè Tọ́jú Táírọ́ìdì Tí Kò Ṣiṣẹ́ Tó

Ẹni tí ẹṣẹ́ táírọ́ìdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó, tó sì ti pinnu pé ewébẹ̀, ẹ̀wà, èso àti oúnjẹ oníhóró nìkan lòun yóò máa jẹ, sábà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára mu. Àwọn kan á ní kó yáa pa oúnjẹ náà tì nítorí pé sóyà àti kábéèjì ló ń ba táírọ́ìdì jẹ́. Àwọn mìíràn á ní oúnjẹ yẹn gan-an ni yóò wo àìsàn náà sàn, kó da oògùn nù. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ènìyàn lè ní àìsàn yìí, kó máa jẹ oúnjẹ inú ewéko títí ayé, kí ara rẹ̀ sì le, bó bá ti ń ṣọ́ ohun tó ń bá oògùn pàdé nínú ikùn rẹ̀, tó mọ ibi tí iodine rẹ̀, èròjà tí táírọ́ìdì fi ń ṣiṣẹ́, ti ń wọlé, tó sì wá nǹkan dípò àwọn èròjà díẹ̀ tó bá ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà lọ nígbà tó ṣíwọ́ jíjẹ wọn. Mo rò pé ti oògùn àti oúnjẹ tó ń pàdé nínú ikùn ni àwọn èèyàn ń gbójú fò jù, ìdí nìyẹn tí n óò fi pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Dókítà ló ń pinnu ìwọ̀n oògùn. Bí ẹ ṣe ń jẹun àti bí ẹ ṣe ń gbé oògùn mì wà lọ́wọ́ yín, òun sì ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

Ohun tí táírọ́ìdì ń fi iodine ṣe

Ẹṣẹ́ táírọ́ìdì wà níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò, ó sì rí bíi labalábá tó na ìyẹ́ méjèèjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fa iodine láti inú ẹ̀jẹ̀, kó sì fi ṣe họ́mọ̀nù méjì. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní T4 nítorí pé átọ́ọ̀mù iodine mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì ń pe ìkejì ní T3 nítorí pé mẹ́ta ló wà lára tirẹ̀. T4 ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹṣẹ́ náà ń tú jáde. Bó bá dé inú ara, ara á yọ átọ́ọ̀mù iodine kan kúrò lára rẹ̀, á sì di T3, èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú ọkàn, ọpọlọ, iṣan àti ìfun.

Ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ, tó ń jẹ́ pituitary, ló ń ṣọ́ táírọ́ìdì. Bí họ́mọ̀nù bá ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, pituitary á tú họ́mọ̀nù tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TSH jáde láti fi pàṣẹ fún táírọ́ìdì pé kó tẹra mọ́ṣẹ́. Ìyẹn ló fà á tí TSH fi máa ń ga nígbà tí táírọ́ìdì bá dẹwọ́, ohun tó máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí èsì àyẹ̀wò wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tó fa tiyín

Àárẹ̀ tí kì í lọ, òtútù tó ń mú yín nígbà tí ara àwọn tó wà lọ́dọ̀ yín móoru, ìgbẹ́ tó ń le, awọ ara tó ń gbẹ, irun tó ń já, nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù, ojú tó ń wú láàárọ̀ àti ìgbàgbé lè jẹ́ àmì pé táírọ́ìdì kò ṣiṣẹ́ tó. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn náà ni àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìtó fítámì B12 lè fà, ẹni tí kì í jẹ ẹran sì lè kó sínú méjèèjì bí kò bá ṣọ́ra. Nítorí náà, ẹ má fi ojú lásán dá a mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ TSH wò, kí wọ́n yẹ T4 tí wọ́n ń kọ sórí ìwé àyẹ̀wò bíi free T4 wò, kí wọ́n sì yẹ antibody TPO wò, èyí tó ń fi hàn bóyá ara ló ń bá táírọ́ìdì jà. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kan náà yẹ B12, ferritin (tó ń fi irin tí ara tọ́jú pa mọ́ hàn) àti ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò, TSH tó wà láàárín nǹkan bíi 0.4 sí 4.0 ni wọ́n kà sí dáadáa fún àgbàlagbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tirẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èsì. Bí TSH bá ga tí T4 sì lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú: oògùn ló kàn. Bí TSH bá ga díẹ̀ tí T4 sì wà bó ṣe yẹ, ọ̀pọ̀ dókítà á ní kí ẹ padà wá ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù bíi méjì tàbí mẹ́ta, pàápàá bí TSH kò bá tíì tó 10, nítorí pé ó lè lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun kékeré kan wà tó lè ba gbogbo àyẹ̀wò yìí jẹ́: biotin. Ó máa ń wà nínú àwọn oògùn tí wọ́n ní ó ń mú irun àti èékánná dára, ẹni tí irun rẹ̀ sì ń já nítorí táírọ́ìdì ni irú rẹ̀ máa ń wù ú lò. Ní àwọn ilé àyẹ̀wò kan, biotin púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ń ti TSH sílẹ̀ tó sì ń ti T4 sókè lórí ìwé, kó lè dà bíi pé kò sí ohun tó ń ṣe yín. Ẹ dá a dúró fún ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú àyẹ̀wò.

Níbi tí iodine ti pọ̀ tó nínú oúnjẹ, ohun tó wọ́pọ̀ jù lọ tó ń fa àìsàn yìí ni Hashimoto, tí wọ́n fi orúkọ Hakaru Hashimoto sọ, dókítà ọmọ ilẹ̀ Japan tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1912. Ohun tó yẹ kó máa gbógun ti kòkòrò àrùn nínú ara ló ń kọjú sí táírọ́ìdì, tó sì ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí iodine ti ṣọ̀wọ́n, àìtó iodine fúnra rẹ̀ ló ń fà á, gẹ̀gẹ̀ sì sábà máa ń bá a rìn. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ yọ ẹṣẹ́ náà, tàbí pé wọ́n ti fi iodine onítànṣán tọ́jú rẹ̀ rí. Àwọn oògùn bíi lithium àti amiodarone náà lè dá a lọ́wọ́ kọ́.

Ìyàtọ̀ yìí ló máa sọ ohun tí oúnjẹ lè ṣe fún yín. Ẹni tí wọ́n ti yọ táírọ́ìdì rẹ̀ kò ní ohun tó máa fi iodine ṣe họ́mọ̀nù mọ́, bó ti wù kó jẹ ẹ́ tó. Ẹni tó ní Hashimoto kò lè fi ewébẹ̀ dá ogun inú ara rẹ̀ dúró. Ẹni tó jẹ́ pé àìtó iodine gan-an ló ń bá jà nìkan ni iodine jẹ́ ìwòsàn fún, kódà òun náà kò gbọdọ̀ dá a ṣe láìsí dókítà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára oúnjẹ

Oògùn tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni levothyroxine, ìyẹn T4 tó bá èyí tí táírọ́ìdì ń ṣe mu láìkù síbì kan. Ara táírọ́ìdì ẹran ni Edward Kendall, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Amẹ́ríkà, ti kọ́kọ́ yọ T4 jáde ní ògidì ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá 1914, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ oògùn ló ń ṣe T4 òde òní látòkèdélẹ̀, kò sí ẹran nínú rẹ̀. Èyí tó ti ara ẹran wá ni táírọ́ìdì ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀, tí àwọn dókítà kan ṣì ń kọ fún èèyàn. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbà á.

Ibi tí ẹran ti lè yọ́ wọlé ni ohun tí wọ́n fi so oògùn pọ̀. Lactose, tó ti inú wàrà wá, wà nínú ọ̀pọ̀ hóró. Gelatin, tó ti awọ àti egungun ẹran wá, wà lára àwọn kápúsù rírọ̀. Magnesium stearate sì lè ti ara ẹran tàbí ti ewéko wá. Ẹ ní kí apòògùn bá yín ka ìwé inú páálí. Èyí tí kò ní lactose wà, olómi náà wà. Bí ẹ bá wá a tì, èmi kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi tìtorí ìwọ̀nba lactose inú hóró kan pa oògùn tí ara rẹ̀ kò lè ṣe láìní tì. Bí ẹ bá sì pààrọ̀ oògùn ilé iṣẹ́ kan sí ti òmíràn, ẹ padà lọ yẹ TSH wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, nítorí pé ohun tí ara ń gbà lè yí padà díẹ̀.

Ìwọ̀n tó máa ń tó ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ rárá jẹ́ nǹkan bíi máíkírógíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó wọn kílò 70 lè nílò bíi 112. Ẹni tó ti darúgbó tàbí ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, bíi 12.5 tàbí 25, wọ́n á sì máa fi í gòkè díẹ̀díẹ̀. Máíkírógíráàmù ni o, kì í ṣe mílígíráàmù: 100 máíkírógíráàmù jẹ́ 0.1 mílígíráàmù péré, ẹni tó bá sì ṣi ẹyọ méjèèjì gbé fún ara wọn ti fi ẹgbẹ̀rún kan sọ oògùn rẹ̀ di púpọ̀.

Wàyí o, bí ikùn bá ṣófo, nǹkan bíi 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn yìí ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Bí oúnjẹ bá pàdé rẹ̀, ó ń dín kù, oúnjẹ tí àwọn tí kì í jẹ ẹran fẹ́ràn láàárọ̀ sì wà lára ohun tó ń dín in kù jù. Ẹ wo àárọ̀ ẹnì kan. Ó jí ní aago 6, ó fi kọfí gbé levothyroxine mì. Nígbà tó di 6:15, ó jẹ ọ́ọ̀tì tó fi wàrà sóyà sè, tó sì bu ṣíbí kan lẹ́búlẹ́bú èso flax lé lórí. Kó tó jáde nílé, ó lo hóró fítámì alápapọ̀ kan tó ní irin àti calcium nínú. Oúnjẹ gidi ni, kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Àmọ́ láàárín ìdajì wákàtí, kọfí, fáíbà ọ́ọ̀tì àti ti flax, sóyà, calcium àti irin ti fọwọ́ so pọ̀ mú hóró kan ṣoṣo. Lẹ́yìn oṣù méjì, TSH rẹ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀, dókítà á fi kún oògùn, gbogbo èèyàn á sì máa sọ pé sóyà ló ba táírọ́ìdì rẹ̀ jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé oògùn kò dé ibi tó ń lọ.

Kó lè jẹ oúnjẹ kan náà láìpàdánù oògùn rẹ̀, kó fi omi lásán gbé e mì ní aago 6, kó má fi ohunkóhun kan ẹnu, kọfí pàápàá, títí di aago 7. Kó tún wo ẹ̀yìn páálí wàrà sóyà rẹ̀. Bó bá rí calcium carbonate tàbí tricalcium phosphate lára ohun tí wọ́n fi ṣe é, wọ́n ti fi calcium kún un, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sì ń ní nǹkan bíi 120 mílígíráàmù nínú 100 mìlílítà. Irú èyí á dára ju lọ́sàn-án. Láàárọ̀, kó lo èyí tí wọn kò fi calcium kún. Hóró fítámì tó ní irin tàbí calcium gbọ́dọ̀ jìnnà sí levothyroxine ní wákàtí mẹ́rin, nítorí náà kó di ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ọ̀nà mìíràn ni láti lo oògùn nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, ó kéré tán wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ tó kẹ́yìn. Ẹni tó parí oúnjẹ alẹ́ ní aago 7 tó sì gbé oògùn mì ní aago 10 ti bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu àárọ̀ pátápátá. Èmi gbà pé èyí ló rọrùn jù fún ẹni tí kọfí àti ọ́ọ̀tì jẹ́ dandan fún, ṣùgbọ́n kò dára fún ẹni tó máa ń jẹ ìpápánu lóru. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ má máa ṣe lónìí-tibí-lọ́la-tọ̀hún.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé ọ̀nà tí ẹ gbà ń jẹun ni dókítà ń wọn oògùn yín lé, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ń jẹ sóyà àti fáíbà púpọ̀ ní aago kan náà, ìwọ̀n oògùn á bá a mu. Bó bá jẹ́ pé ẹ jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi í sílẹ̀ fún méjì, tí ẹ tún padà sídìí rẹ̀, kò sí ìwọ̀n tó máa dúró. Ẹni tó ń lo levothyroxine tẹ́lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kúrò lórí ẹran gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀, kó sì yẹ TSH wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn náà. Kò sì gbọdọ̀ tìtorí oògùn sá fún fáíbà. Àìsàn yìí fúnra rẹ̀ ń mú ìgbẹ́ le, fáíbà ló sì ń rọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá gbàgbé oògùn lọ́jọ́ kan, ẹ má dààmú. Ó máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ méje kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ìyẹn náà ló fà á tí ara kì í tètè yá lẹ́yìn tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀, tí àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kejì kì í sì í sọ òótọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ibi tí iodine yín ti ń wọlé

Àgbàlagbà nílò 150 máíkírógíráàmù iodine lójúmọ́. Ẹja, wàrà màlúù àti ẹyin ló ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ wá fún àwọn tó ń jẹ wọ́n. Ẹni tí kò jẹ wọ́n kù pẹ̀lú ohun ọ̀gbìn, èyí tó jẹ́ pé ìwọ̀nba tí ilẹ̀ ní ló ń fà, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kò sì ní púpọ̀. Wàrà sóyà, ti álímọ́ńdì àti ti ọ́ọ̀tì kì í sábà ní in, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sára páálí pé wọ́n fi í sí i.

Iyọ̀ ló sún mọ́ ọwọ́ jù. Ẹ gbé páálí iyọ̀ yín, ẹ wá potassium iodide tàbí potassium iodate lára rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí èyíkéyìí, iyọ̀ yẹn kò ní iodine tó lè ràn yín lọ́wọ́, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ pupa tàbí kí wọ́n ní inú òkun ló ti wá. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 45 máíkírógíráàmù ni wọ́n ń fi sínú gíráàmù iyọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé gíráàmù mẹ́ta á fún yín ní bíi 135. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Kì í ṣe pé kí ẹ wá máa da iyọ̀ sí oúnjẹ o. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé pé kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́ ṣì dúró. Iyọ̀ inú oúnjẹ ilé iṣẹ́ kì í sì í sábà jẹ́ oní-iodine, nítorí náà ẹni tó ń jẹ oúnjẹ inú páálí lè jẹ iyọ̀ púpọ̀ kó má sì rí iodine.

Fún ẹni tí dókítà ti ní kó dín iyọ̀ kù, hóró oníwọ̀n 150 tí wọ́n fi potassium iodide ṣe ló dára jù, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ dáni lójú. Ohun tí n kò lè fọwọ́ sí ni hóró tí wọ́n fi koríko òkun ṣe, tí wọ́n ń tà fún àwọn tí táírọ́ìdì ń yọ lẹ́nu. Koríko òkun tí wọ́n ń pè ní nori ní bíi 16 sí 43 máíkírógíráàmù nínú gíráàmù kan, èyí kò burú. Àmọ́ gíráàmù kan péré nínú kombu, irú koríko òkun mìíràn, lè ní ju 2,000 lọ. Ààlà tí wọ́n fi lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ 1,100 lójúmọ́, ti ilẹ̀ Yúróòpù jẹ́ 600.

Ìdí tí àjùlọ rẹ̀ fi léwu ni pé táírọ́ìdì tí iodine bá ya lù á ń ti ilẹ̀kùn, kì í ṣe họ́mọ̀nù mọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Wolff àti Chaikoff, ló ṣàlàyé èyí ní 1948. Táírọ́ìdì tó le ń bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹni tó ní Hashimoto lè má bọ́, kí àìsàn tó wà níwọ̀nba sì di ńlá. Ẹni tó ní Hashimoto lè jẹ 150 tí gbogbo èèyàn ń jẹ. Ohun tó gbọ́dọ̀ yẹra fún ni kó máa fi kún un nítorí pé ó ń ṣàìsàn. Ẹ sì rántí pé 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n levothyroxine jẹ́ iodine, nítorí náà 100 máíkírógíráàmù tí ẹ ń gbé mì ti ní bíi 65 nínú tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Kábéèjì àti sóyà, láìsí ìbẹ̀rù

Ní 1928, dókítà Alan Chesney àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn àwọn ehoro tí wọ́n ń fún ní kábéèjì jẹ. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀. Kábéèjì, brókólì, kale àti àwọn ẹbí wọn ní èròjà kan tó jẹ́ pé, bí a bá gé e tàbí tí a jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó ń di ohun tó ń dí iodine lọ́wọ́ láti wọ inú táírọ́ìdì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iná ń pa ohun tó ń yí i padà, nítorí náà bí ẹ bá sè é, agbára rẹ̀ ti dín kù púpọ̀, bí iodine yín bá sì tó, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù kò lè ṣe nǹkan kan.

Ẹni tó jẹ́ kó ṣe òun ní jàǹbá ni obìnrin ẹni ọdún 88 kan tí àwọn dókítà kọ nípa rẹ̀ ní 2010: ó ń jẹ kílò kan sí kílò kan àtààbọ̀ bok choy tútù, ẹbí kábéèjì kan, lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n sì gbé e dé ilé ìwòsàn láìmọ ibi tó wà. Ẹni tó ń jẹ àwo kábéèjì sísè kan kò sí lójú ọ̀nà yẹn rárá. Ẹni tó yẹ kó ronú ni ẹni tó ń lọ kale tútù mu ní kọ́ọ̀bù ńlá láràárọ̀; kó máa fi ewé mìíràn pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó kọ́kọ́ bọ̀ ọ́.

Ní ti sóyà, ìtàn tirẹ̀ wá láti ara àwọn ọmọ ọwọ́ tí gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn wọn nígbà tí wọ́n ń mu wàrà sóyà tí kò ní iodine. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi iodine sí i láàárín àwọn ọdún 1960, wàhálà náà rọlẹ̀. Fún àgbàlagbà tí iodine rẹ̀ tó, ohun tí sóyà ń ṣe ni ohun tí mo ti sọ: ó ń dí oògùn lọ́nà inú ìfun. Tófù, tí wọ́n fi sóyà ṣe, lọ́sàn-án kò ní ohun tó ń bá oògùn àárọ̀ fà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àwọn èròjà tó bá ẹran lọ

Fítámì B12 ló ṣáájú, nítorí pé kò sí ohun ọ̀gbìn kan tó ń fúnni ní èyí tó ṣeé gbára lé, spirulina tí wọ́n ń polówó pàápàá kò fúnni. Àgbàlagbà nílò 2.4 máíkírógíráàmù lójúmọ́, ṣùgbọ́n nínú hóró, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọ ara, nítorí náà 10 lójúmọ́ tàbí 2,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà ń dá lábàá. Àwọn tó ní Hashimoto ní láti ṣọ́ra sí i, nítorí pé àìsàn mìíràn tí ara ti ń bá ikùn jà, tí kì í jẹ́ kí B12 wọlé, máa ń bá a rìn nígbà mìíràn. Bí ẹ bá ń lo hóró déédéé tí B12 kò gòkè, abẹ́rẹ́ ló kù, ẹ má sì fi falẹ̀, torí pé àìtó rẹ̀ tó bá pẹ́ ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́.

Èròjà irin wà nínú ohun èlò tí táírọ́ìdì fi ń ṣe họ́mọ̀nù, ìyẹn TPO, nítorí náà àìtó irin ń dá kún ìṣòro yín. Irin inú ẹ̀wà àti ewébẹ̀ kì í wọ ara tó ti inú ẹran, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹni tí kì í jẹ ẹran jẹ ìlọ́po 1.8 ohun tí àwọn yòókù ń jẹ. Ẹ máa fi ọsàn, tòmátì tàbí ata tútù jẹ ẹ̀wà, nítorí fítámì C ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ sì jẹ́ kí tíì àti kọfí jìnnà sí oúnjẹ. Ẹ má lo hóró irin láìṣe àyẹ̀wò ferritin.

Selenium wà nínú ohun tó ń sọ T4 di T3. 55 máíkírógíráàmù ló tó àgbàlagbà lójúmọ́, èso Brazil nut kan ṣoṣo sì lè ní 70 sí 90. Ẹyọ kan lójúmọ́ ti pọ̀ tó. Ẹni tó ń kó o lẹ́kùn-ún ọwọ́ á tètè kọjá ààlà 400, irun rẹ̀ á máa já, èékánná rẹ̀ á máa kán, yóò sì rò pé táírọ́ìdì ló ń dà á láàmú. Zinc kò le: ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí ẹ tó sè é, èyí tó wà nínú rẹ̀ á túbọ̀ wọ ara.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ padà lọ wọn án

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n bá yí oògùn padà, tàbí tí ẹ bá yí oúnjẹ padà gidigidi, ẹ yẹ TSH wò. Bó bá ti dúró, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Bí ẹ bá ń lo oògùn láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó gbé ti ọjọ́ náà mì. Ẹni tí oúnjẹ inú ewéko mú kó fọn gan-an lè rí i pé oògùn rẹ̀ ti pọ̀ jù: ọkàn rẹ̀ ń sáré, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, oorun kò kùn ún. Kó má fara dà á, nítorí pé oògùn tó pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ ń jẹ egungun, ó sì ń da ìlù ọkàn rú.

Bí ara ẹni tó ní àìsàn yìí bá wá tutù nini, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́ tàbí tí kò ṣeé jí lójú oorun, tí èémí rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, ẹ má dúró de àyẹ̀wò kankan. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì ló kàn.

Bí oyún bá wà níbẹ̀

Obìnrin tó ń lo levothyroxine tó sì rí i pé òun ti lóyún gbọ́dọ̀ pe dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni ìwọ̀n oògùn sábà máa ń gòkè ní 25 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé họ́mọ̀nù ìyá ni ọpọlọ ọmọ ń lò ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Iodine tó nílò náà ti gòkè: 250 máíkírógíráàmù lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó máa rí, nínú oyún àti nígbà tó bá ń fọ́mọ lọ́mú. Kó ka ẹ̀yìn ìgò fítámì aláboyún tí wọ́n bá fún un, torí pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní iodine rárá. Bó bá sì rí èyí tó ní in, irin àti calcium máa ń wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà kó fi wákàtí mẹ́rin sáàárín fítámì náà àti levothyroxine.